Orúkọ Tí Bàbá Onílé Mi Ń Kà ní Tuscaloosa

Bàbá onílé mi ní Tuscaloosa kì í ka Sáàmù lálẹ́. Orúkọ ló ń kà. Tí oòrùn bá ti wọ̀, á gbé ife tíì oníyìnyín rẹ̀ jáde, á jókòó sórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn níwájú ilé, á na ẹsẹ̀ òsì tó máa ń ro ó sórí àpótí, á wá bẹ̀rẹ̀: Gilmer, Starr, Trammell, Namath, Sloan, Stabler, Hunter, Davis, Todd, Rutledge, Shealy, Lewis. Tó bá ti dé Lewis, á dákẹ́. Á mu tíì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń sáré ka àwọn tó kù, bí ẹni tó fẹ́ parí àdúrà kí oúnjẹ má baà tutù.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ẹbí rẹ̀ tó ti kú ni. Oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni mo dé ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti wá kàwé sí i, yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni mo sì háyà. N ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè bi í pé, "Bàbá, àwọn wo lẹ máa ń pè báyìí?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bi pé ta ni Jésù. Ó ní kọ́tábáàkì Yunifásítì Alabama ni wọ́n, láti ìgbà ogun Hitler wá, àti pé òun máa ń fo àwọn kan tí kò ṣe pàtàkì.

Ọ̀yọ́ ni mo dàgbà sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà yé mi lójú ẹsẹ̀. Arọ́kìn ni bàbá yìí. Bí àwọn ìyẹn ṣe máa ń to àwọn Aláàfin léra, tí wọ́n á sọ ẹni tí ìjọba rẹ̀ tuni lára àti ẹni tí ìjọba rẹ̀ le koko, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe to tirẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọba tirẹ̀ tó lò ju ọdún mẹ́rin lọ lórí ìtẹ́. Òfin yunifásítì kò gbà.

Fún ẹni tí kò wo eré yìí rí: ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Èèyàn mọ́kànlá dojú kọ mọ́kànlá lórí pápá tó gùn tó 100 yáàdì. Ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbà mẹ́rin láti fi wá yáàdì mẹ́wàá. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á tún gba mẹ́rin mìíràn. Tí wọn ò bá rí i, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá. Ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti bọ́ọ̀lù gba àárín itan rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó gbà á, ni kọ́tábáàkì. Òun nìkan ló mọ gbogbo ohun tí ikọ̀ fẹ́ ṣe. Kí èèyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kó jù ú, kó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àbí kó gbé e sáré fúnra rẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ń bọ̀ wá gbé e ṣán mọ́lẹ̀.

Mo ti wá orúkọ Yorùbá fún un títí. Balógun? Balógun ló ń ṣíwájú ogun, àmọ́ ẹni yìí, iṣẹ́ àwọn yòókù ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Olórí ikọ̀? Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ olórí ikọ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní kọ́tábáàkì.

Ohun tó mú kí orúkọ wọn ṣeé kà bẹ́ẹ̀ ni pé ìjókòó náà kò gba méjì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù lè máa wọlé, kí wọ́n máa jáde, títí eré á fi parí. Kọ́tábáàkì kì í pín ipò. Èyí tó wà lórí pápá wà lórí pápá. Èkejì rẹ̀, tó lè jẹ́ pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó ti wá, á dúró létí pápá, á ki akoto rẹ̀ sábẹ́ abíyá, á máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Bryant-Denny, pápá Alabama, èèyàn tó lé ní 100,000 ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń pàtẹ́wọ́ yẹn. Iye gbogbo àwọn tó ń gbé ìlú náà kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Kí n tó dé Amẹ́ríkà, atọ́kùn ètò ni mí ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún méje gbáko ni mo fi ṣe ètò àárọ̀, aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọlọ́kadà mọ ohùn mi, ìyá oníyán mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2015, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́, inú máíkírà ni mo wà ní Mọ́kọ́lá, dẹ́rẹ́bà tan rédíò, mo gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò mi, mo gbọ́ "ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa," ṣùgbọ́n ohùn náà kì í ṣe tèmi. Dẹ́rẹ́bà yí rédíò sókè. Ó ní, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ o."

Ọ̀gá wa kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ní àwọn tó ń gbé ìpolówó wá ń fẹ́ ohùn ọ̀dọ́. Ó ní kí n dúró, kí n máa fi ọ̀nà hàn án. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà á wá bá mi nídìí tábìlì, á dọ̀bálẹ̀ dáadáa, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹni tó pè wá lórí fóònù bá ń sọ̀rọ̀ kọjá àkókò, báwo lẹ ṣe máa ń gé e tí kì í bínú?" Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní n ò mọ̀. Ìwé kan wà tí mo fi ọdún méje kọ òwe, oríkì ìlú àti orúkọ àwọn olóyè sí. Ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo jù ú sínú báàgì mi. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá onílé ń sọ ìtàn Bart Starr fún mi, ọ̀tọ̀ ni etí tí mo fi ń gbọ́ ọ. Ọmọ Montgomery ni Starr, ó wà ní Alabama láti 1952 sí 1955. Lọ́dún tó yẹ kó jẹ́ ọdún àṣekágbá rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, J.B. Whitworth, dé, ó ní àwọn ọ̀dọ́ lòun fẹ́ lò. Starr di òǹwòran. Eré mẹ́wàá ni Alabama gbá lọ́dún náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n pàdánù. Nígbà tí àwọn ikọ̀ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun, wá mú agbábọ́ọ̀lù lọ́dún 1956, ẹni 199 ni wọ́n kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó pe Starr. Green Bay ló mú un. Níbẹ̀ ló ti gba ife líìgì márùn-ún, òun sì ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Super Bowl kìíní àti èkejì, eré àṣekágbá tó ń parí ọdún wọn. Bàbá kì í lè sọ ọ́ tán kó má rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ́ ni wọ́n ń fẹ́," ni yóò wí, á wá ka ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀gá mi n'Ìbàdàn ni mo sì ń rí.

Lọ́dún 1958 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Bear Bryant dé, ìgbà tirẹ̀ sì ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Pat Trammell ló kọ́kọ́ bá a gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè, lọ́dún 1961. Ọkùnrin náà padà di dókítà, àìsàn jẹjẹrẹ sì pa á lọ́dún 1968, ẹni ọdún 28. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joe Namath, ọmọ Beaver Falls ní Pennsylvania, tó jẹ́ pé òun nìkan ni èmi ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí n tó dé ibẹ̀. Namath rú òfin ikọ̀ níparí 1963, Bryant sì lé e kúrò nínú eré méjì tó kù, títí kan Sugar Bowl, ọ̀kan lára àwọn eré ńlá ìparí ọdún. Steve Sloan tó jókòó dè é wọlé, wọ́n sì borí Mississippi 12–7. Nígbà tó di 1964, Namath padà sípò, wọ́n gba ife, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́dún kan náà. Ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn ni ikọ̀ Jets ti New York wá san $427,000 fún.

Ilé gogoro kan wà láàárín yunifásítì náà, Denny Chimes, tó máa ń lu agogo. Nídìí rẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn olórí ikọ̀ ọdọọdún tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn mọ́ kọnkéré tútù. Mo wá ti Namath lọ, 1964. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Omi wà nínú ojú ẹsẹ̀ náà, ewé kan léfòó lórí rẹ̀. Mo ki ọwọ́ mi bọ ojú ọwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ gùn ju tèmi lọ díẹ̀. Ọmọ òyìnbó kan àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń retí kí n kúrò. Wọ́n ti tò.

Ken Stabler ló wu èmi ju Namath lọ, tí ẹ bá bi mí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọmọ Foley, nítòsí òkun. Lọ́dún 1966 wọ́n gbá eré mọ́kànlá, wọ́n borí mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọn ò sì fún wọn ní ife. Lọ́dún 1967, Bryant lé òun náà, ó tún gbà á padà, ó sì fi yáàdì 47 sáré nínú ẹrọ̀fọ̀ àti òjò láti borí Auburn, yunifásítì mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà, 7–3. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sípò.

Ohun kan wà tí Bàbá onílé kò tètè sọ fún mi. Ọ̀kan lára àwọn ọjọ́ Sátidé oṣù Kẹwàá ni mo bi í pé ṣé ó wà ní pápá nígbà tí Namath ń gbá a. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Èèyàn dúdú ni bàbá yìí, Tuscaloosa ni wọ́n bí i sí, ilé-iṣẹ́ táyà ló ti fẹ̀yìn tì. Oṣù Kẹfà ọdún 1963, nígbà tí gómìnà George Wallace lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Foster Auditorium kí Vivian Malone àti James Hood, ọmọ dúdú méjì, má baà wọ yunifásítì náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kọ́tábáàkì tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń pariwo rẹ̀ ń kàwé nínú ọgbà kan náà. "Mo mọ orúkọ wọn nítorí pé rédíò kò ṣeé pa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀tá wọn ni mo máa ń gbàdúrà fún."

Ó wá sọ ti ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970 fún mi, nígbà tí ikọ̀ USC, yunifásítì kan láti California, wá sí Legion Field ní Birmingham. Kọ́tábáàkì wọn, Jimmy Jones, èèyàn dúdú ni. Wọ́n na Alabama 42–21 lójú gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni Wilbur Jackson wọ yunifásítì náà, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sì tíì sí lórí pápá lọ́jọ́ náà. Bàbá ní òun mu bíà lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí òun kò fi mọ ọ̀nà ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Condredge Holloway. Ọmọ Huntsville ni, ní Alabama níbẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù ló tún mọ̀ ọ́n gbá. Lọ́dún 1971, ẹni kẹrin ni nínú gbogbo àwọn tí wọ́n pè, ikọ̀ Montreal fẹ́ mú un lọ, ìyá rẹ̀ sì kọ̀ láti bu ọwọ́ lùwé. Ìwé ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà. (Ẹ ò ri pé ìyá wa ni.) Bryant fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ fún un: Alabama kò tíì ṣe tán láti gba kọ́tábáàkì tó jẹ́ èèyàn dúdú, tó bá wá, ipò mìíràn ni yóò gbá. Holloway kọjá sí Tennessee, ọ̀tá wọn pátápátá, ó sì di kọ́tábáàkì dúdú àkọ́kọ́ nínú SEC, líìgì àwọn yunifásítì gúúsù, lọ́dún 1972. Ọdún mẹ́ta tó fi gbá a, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Alabama borí wọn. Mo bi Bàbá pé ta ló wá ń gbàdúrà fún nínú àwọn eré náà. Ó ní Ọlọ́run kì í gbọ́ gbogbo àdúrà.

Àwọn ọdún yẹn náà ni Bryant yí ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní wishbone, tó jẹ́ pé eré sísá ló pọ̀ ju jíjù lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí awo títí di oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n gbé e lọ bá USC ní Los Angeles, wọ́n sì borí 17–10. Terry Davis ló wà nípò. Láti ìgbà náà títí di 1982, kọ́tábáàkì tó ń sáré ni Alabama ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n sinmi: eré tí wọ́n mọ àwọn ọmọ dúdú sí ní gbogbo ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀ náà, wọ́n tún lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fà á lé ọmọ dúdú lọ́wọ́.

Ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́ ni Walter Lewis, ọmọ Brewton, ìlú kékeré kan ní gúúsù. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1982, ní Liberty Bowl, tí Bryant ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn láyé, tí wọ́n na Illinois 21–15 láti sọ iye tó ti borí di 323, Walter Lewis ni kọ́tábáàkì rẹ̀. Kò tó oṣù kan sí i tí Bryant kú. Ibi tí Bàbá onílé ti máa ń dákẹ́ mu tíì nìyẹn. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Lewis bẹ̀rẹ̀ eré ni òun kọ́kọ́ sanwó wọ pápá tó wà nínú ìlú òun.

Lálẹ́ ọjọ́ tó sọ ìyẹn fún mi, ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé ibi tí mo ti wá ni bàbá Lewis kejì ti wá. N ò mọ ohun tó ń wí. Cudjo Lewis ló ń sọ, ẹni tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó o lọ́dún 1860, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Mobile. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá ló tẹ Africatown dó, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1935. Mi ò sọ pé Lewis ti Brewton bá a tan. Orúkọ ọ̀hún pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí eṣú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí Bàbá bá ti ka orúkọ dé Lewis tó dákẹ́, èmi náà máa ń dákẹ́, ọ̀tọ̀ sì lẹni tí mo ń rò.

Àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n sáré. Mike Shula. Jay Barker, tó gba ife ọdún 1992 nígbà tó jẹ́ pé yáàdì 18 péré ni ó jù nínú gbogbo eré àṣekágbá náà (bí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé orire, òun ni máa tọ́ka sí). Lẹ́yìn náà, ọdún ìyà bíi mélòó kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Nick Saban dé lọ́dún 2007. Greg McElroy gba ife, AJ McCarron gba méjì léra wọn, Jake Coker gba ọ̀kan. Ikọ̀ ti lágbára débi pé kọ́tábáàkì kàn ní láti má ba nǹkan jẹ́ ni.

Ọdún tí mo dé ni Jalen Hurts dé. Ọmọ ọdún 18 láti Channelview, lẹ́bàá Houston. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n ń gbá USC, òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n fi í wọlé, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án lọ́wọ́ já bọ́. Bàbá onílé kéde pé ọmọ náà ti parí. Wọ́n borí 52–6, Hurts kò sì kúrò lórí pápá mọ́ fún ọdún méjì. Nínú eré 28 tó bẹ̀rẹ̀, 26 ló borí. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Ojú rẹ̀ rí bákan náà nínú ayọ̀ àti nínú wàhálà, bí ojú ère.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 2018, eré àṣekágbá pẹ̀lú Georgia ní Atlanta. Yàrá ìgbàlejò Bàbá la ti ń wò ó, àwa mẹ́rin, adìyẹ díndín wà nílẹ̀. Nígbà ìsinmi ààbọ̀ eré, Georgia ń nà wá 13–0. Ìgbà mẹ́jọ ni Hurts ti ju bọ́ọ̀lù, mẹ́ta ló bá ẹni, yáàdì 21. Nígbà tí wọ́n jáde padà, ọmọ kan tí kì í bẹ̀rẹ̀ eré ló rìn bọ́ síwájú: Tua Tagovailoa, ọmọ Hawaii, ọlọ́wọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Mo gbé ẹran tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò mi ni mo ń gbọ́ nínú máíkírà.

Ẹ ti mọ bó ṣe parí, àbí ẹ lè wá a wò. Nínú àfikún àkókò, wọ́n gbé Tua lulẹ̀, ó pàdánù yáàdì 16. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ó jù ú ní yáàdì 41 bá DeVonta Smith, 26–23, ó parí. Gbogbo èèyàn ń wo Tua. Èmi ń wá ẹnìkejì. Kámẹ́rà wá a rí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan: Hurts ń sáré lọ sórí pápá, ó ń yọ̀, ó di ọmọ náà mú. N ò gbà á gbọ́. Mo sọ ọ́ síta pé irọ́ ló ń pa, pé kó dé ilé ná. Bàbá yí orí sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, títí kan ìwé inú báàgì. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé ṣé ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ìbéèrè náà bí mi nínú, nítorí pé mo mọ èsì rẹ̀ láti inú máíkírà. Ohùn ọmọ náà dára ju tèmi lọ.

Gbogbo ìlú rò pé Hurts á lọ. Òfin tuntun ọdún 2018 tilẹ̀ fún un láyè: tí kò bá gbá ju eré mẹ́rin lọ, ọdún náà kò ní wọ àkọsílẹ̀, ó lè gbé e lọ sí ibòmíràn. Kò lọ. Ó dúró létí pápá, ó ń pàtẹ́wọ́ fún Tua láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, Georgia kan náà, pápá Atlanta kan náà. Ẹsẹ̀ Tua yẹ̀, Alabama wà lẹ́yìn pẹ̀lú 28–21, Hurts sì de akoto rẹ̀. Ó ju ọ̀kan bá Jerry Jeudy, wọ́n di ọgbọọgba. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú kan, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 15 wọlé fúnra rẹ̀, 35–28. Bàbá onílé dìde dúró, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń ro ó kò rántí pé òun ń ro ó. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú mi ni mo lọ nù.

Nígbà tó gboyè tán ló tó lọ sí Oklahoma. Tua tẹ̀síwájú, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2019. Mac Jones, tó ti ń wo àwọn méjèèjì láti 2017, wá gba ife ọdún 2020. Bryce Young gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù, lọ́dún 2021, kọ́tábáàkì Alabama àkọ́kọ́ tó gbà á. Lọ́dún 2023, wọ́n yọ Jalen Milroe kúrò fún eré kan, wọ́n dá a padà, ó sì ju bọ́ọ̀lù yáàdì 31 ní ìgbà kẹrin, èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́rin wọn, láti borí Auburn 27–24. Owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà láti 2021, àwọn ọmọ ń gba owó ìpolówó, ẹni tí kò bá sì wọlé láàárín ọdún kan á kó ẹrù lọ sí yunifásítì mìíràn. N ò lè bú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèmi lè fi dúró.

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí, mo ń túmọ̀ ìwé fún àwọn èèyàn láti ilé. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2025, mo jí ní aago méjìlá ààbọ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo wo Hurts àti ikọ̀ rẹ̀, Eagles ti Philadelphia, bí wọ́n ṣe na Kansas City 40–22 ní Super Bowl tó wáyé ní New Orleans. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò kí mi. Ó kàn ka orúkọ mẹ́rin nínú àwọn ọba rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ eré Super Bowl tí wọ́n sì gbà á: Starr, Namath, Stabler, Hurts. Ó wá wúkọ́, ó pa á.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, mo tan rédíò. Ọmọ náà, tó ti di bàbá ọlọ́mọ méjì báyìí, ṣì wà lórí ètò. Ó ń ka ìròyìn eré ìdárayá. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ Super Bowl, ó pe orúkọ Hurts bí ẹni pé "Hóótì" ni. Mo jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ títí ètò fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo pè é, ọdún kẹwàá tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Kò jẹ́ kí n parí orúkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo sọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà fún un. Ó pè é tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á. Mo sọ ti ìwé kan tó wà lọ́dọ̀ mi, pé kó wá mú un nígbà tó bá ráyè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan: n ò sí nídìí rédíò nígbà tí òun kọ́kọ́ ka ìròyìn náà láago mẹ́fà, kò sì dá òun lójú pé bí òun ṣe túmọ̀ ipò ọkùnrin náà tọ̀nà.

"Kí lo pè é?"

"Atọ́kùn ni mo pè é, ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo ṣì í?"

Mo ní kò ṣì í.